Bí Ọdẹ́jóbí Ṣe Wá Ìpìlẹ̀ Ilé Dé Inú Igbó Amọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fọwọ́ ti ohun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, kí ó tó fẹ̀yìn tì í. Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìfura sì ni pẹ̀lú. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì mú ẹfọ̀n ní ìwo rí. Mo ti bá ọ̀kẹ́rẹ́ olórí méjì jiyàn títí tí orí méjèèjì fi bú sẹ́kún. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ti òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, ọdẹ tí ó kọ́ mi ní ìbọn yínyìn, Ọdẹ́jóbí ará Òkè-Amọ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí a bá mu ní àmujù, àrùn ni ó ń dà. Ọdẹ́jóbí mu tirẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run bóyá lóòótọ́ ni ilẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé omi fún un, yóò gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ní kí ìyàwó náà kọ́kọ́ mu. Kò sí ẹni tí ó lù ú rí, kò sí ẹni tí ó jà á lólè rí. Ó kàn gbà pé àwọn ènìyàn ṣì ń wá àyè ni.

Òkè-Amọ̀ tí ó ń gbé, amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn bí ẹni pé ó ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ bá a sọ. Bí òjò bá dé, ilẹ̀ náà a wú bí ikùn ẹni tí ó yó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a sán, a la ẹnu sílẹ̀ tí òròmọdìẹ fi ń jìn sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọdẹ́jóbí ni igi ọdán ńlá kan sì wà tí baba rẹ̀ gbìn, tí òjìji rẹ̀ tó ilé mẹ́ta í bò.

Nígbà tí ọkọ Àsàbí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kú, Àsàbí kó ẹrù rẹ̀ padà wá sílé baba rẹ̀. Aṣọ òfì ni ó ń hun jẹun, òfì kò sì ṣe é gbé sí ojú ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Ni Ọdẹ́jóbí bá pe Làmídì bíríkìlà, tí wọ́n jọ dàgbà, pé kí ó wá so yàrá méjì mọ́ ilé ní ìhà ibi tí ọdán wà. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé orúnkún, wọ́n mọ ògiri, wọ́n kan òrùlé. Àsàbí gbé òfì rẹ̀ wọlé, ó ń kọrin.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó dà bí fọ́nrán irun kan. Nígbà tí ó di oṣù kejì, ọwọ́ ọmọdé wọ ọ́. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, Àsàbí dìde nídìí òfì kí ó lè bu omi mu. Kò tíì gbé igbá kan ẹnu tí ògiri fi dà wó, tí ó sì run òfì náà wómúwómú.

Láti ọjọ́ náà ni Àsàbí kò ti wọ abẹ́ òrùlé kankan mọ́. Abẹ́ ọdán ni ó ń jókòó, tí ó ń wo àwókù ògiri. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò ọkọ mi ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun fẹ́ ṣú mi lópó. N kò fẹ́ràn ojú rẹ̀, n kò fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kì í wó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí n kò sì ní ibi tí mo lè jókòó hunṣọ láìmáa wo òkè, ẹ má bínú sí mi, n óò lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọdẹ́jóbí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é. Ó ní Làmídì bu lára sìmẹ́ǹtì ni. Ó ní aládùúgbò kan ti ri nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó yí ọdán náà po lẹ́ẹ̀meje, ó ń wò ó bí ẹni tí ó ń wo àna tí kò kí i. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn: ọ̀kan ní kí ó gé igi, èkejì ní kí ó kó òkúta sí i, ẹ̀kẹta ní kí ó kàn tún un mọ bí ó ti wà, pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ọdẹ́jóbí ní, "Gbogbo yín lẹ mọ̀ sí i. N óò lọ bi ẹni tí ó ni amọ̀ léèrè."

Ẹni tí ó ni amọ̀ ni ẹbọra kan tí à ń pè ní Ìyá Alámọ̀, ní ìsàlẹ̀ Igbó Amọ̀, níbi tí ènìyàn kì í dé. Ọdẹ́jóbí gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó sì ní kí Làmídì bá òun lọ. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú un pè é o! Ó ní ẹni tí a bá fura sí, iwájú ẹni là ń fi í sí. Ó so ṣaworo mọ́ Làmídì lẹ́sẹ̀, kí ó lè máa gbọ́ ibi tí ó bá yà sí. Làmídì wo ṣaworo, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, wọ́n sì lọ.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Wọ́n rìn, wọ́n dé.

Lẹ́nu igbó, iwin kan dìde sí wọn. Irun orí rẹ̀ kì í ṣe irun, gbòǹgbò ni. Ó wọ́lẹ̀, ó wọnú ilẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gbọ́ bí ó ti ń fa omi mu lábẹ́ ilẹ̀, gùkù, gùkù, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àná. Kí Ọdẹ́jóbí tó gbé ìbọn, gbòǹgbò ti wé mọ́ ọn lọ́rùn, ó ti wé mọ́ Làmídì náà.

Iwin ní, "Ẹni méjì ń gbé inú ilé kan. Ọ̀kan ń mu, èkejì ń rù. Bí èyí tí ń mu bá kú, èyí tí ń rù a bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, a sanra títí a fi ti ilé wó. Ta ni wọ́n?"

Ọdẹ́jóbí kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ké pé, "Èmi àti Làmídì ni! Òun ni ó ń mu mí, èmi ni mò ń rù!"

Iwin rẹ́rìn-ín títí tí ewé fi ń já lára rẹ̀, gbòǹgbò sì fún ọrùn Ọdẹ́jóbí sí i. Ojú rẹ̀ ti ń yọ síta kí Làmídì tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé:

"Igi àti amọ̀ ni. Igi ń fa omi inú amọ̀, amọ̀ ń gbẹ, ó ń súnkì. Bí wọ́n bá gé igi, omi a padà sínú amọ̀, amọ̀ a wú."

Gbòǹgbò tú. Iwin yà fún wọn. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá dúpẹ́. Ọdẹ́jóbí fọwọ́ ra ọrùn, ó wo Làmídì láti ẹ̀yìn, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n? Òun àti iwin yìí ti pàdé rí." Ó fún okùn ṣaworo le sí i.

Ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n ń pè ní Gbẹ́-díẹ̀. Gbogbo ará ìlú náà dé igbá sórí, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti ọmọ ọwọ́. Ilé wọn ń yán ní ọ̀sán gangan: ògiri a là, a tún pa dé, eruku a máa dà. Ọba wọn fi ọ̀yàyà pàdé wọn, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá. Ó ní:

"Ìpìlẹ̀ lẹ wá wá? Ẹ ti dé ilé rẹ̀! Èyí tí ó bá ti dé kókósẹ̀ ó tó. Kí la fẹ́ wá nísàlẹ̀? Òkú ló wà níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri ààfin mi, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá."

Ọdẹ́jóbí tí ó ń fura sí omi ìyàwó rẹ̀, ọ̀yàyà ọba ló mú un! Bí wọ́n ti fẹ̀yìn tì í báyìí, ògiri sùn lé wọn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá yẹra, yóò pa wọ́n. Ọba dé igbá rẹ̀, ó ní, "Àlejò ni òpó ìlú wa. Ó ti rẹ àwọn ti ìṣáájú," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbé ògiri náà dúró. Ká ní èmi ni, ì bá má kọjá ìdajì ọjọ́ kan kí n tó fi ògiri náà ṣe ẹní ìjókòó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọdẹ ni ó ní irú ẹ̀yìn tèmi yìí.

Ní ọjọ́ keje, òjò ìlú náà, tí kì í bá tiwa rìn, ṣú, ó rọ̀. Amọ̀ mu omi, ó wú, ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàró fúnra rẹ̀. Ìhà tí Làmídì wà ni ó kọ́kọ́ gbéra. Làmídì bọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó padà, ó ki èjìká bọ abẹ́ ìhà ti Ọdẹ́jóbí, ó ní, "Mí sí i díẹ̀, ó ti ń bọ̀." Nígbà tí ògiri dúró tán, wọ́n ki eré mọ́lẹ̀.

Wọ́n sáré títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n lè mí. Ọdẹ́jóbí ní, "Kí ló dé tí o kò fi lọ?"

Làmídì ní, "Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Ọdẹ́jóbí mi orí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹni tí ó fẹ́ jẹ ọ̀bọ ní í fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ̀ ọ́.

Ìlú kejì ni Gégitán. Láti etí kan dé èkejì, kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀, kùkùté nìkan ni. Oòrùn ń pa ilẹ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀gúsí. Àwọn ilé ibẹ̀ ti gbéra nílẹ̀ láàárín bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ó wú nínú ìkòkò, ilẹ̀ yàrá ti yọ gegele, ó sì ti ti gbogbo ìlẹ̀kùn pa mọ́ férémù. Kò sí ẹni tí ó lè jáde. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Nígbà tí ọkùnrin kan gbọ́ ẹjọ́ ọdán lẹ́nu Ọdẹ́jóbí, ó na àáké sí i láti ojú fèrèsé, ó ní:

"Gé ọdán rẹ, ìyọnu rẹ tán. Wò wá, igi kan kò tún yọ wá lẹ́nu mọ́."

Inú Ọdẹ́jóbí dùn. Ó gba àáké. Ṣùgbọ́n láti fèrèsé kejì, ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀:

"Ọkùnrin, wo ìlẹ̀kùn mi. Igi tí ó ti ń mu omi ilẹ̀ yìí láti ìgbà ìyá mi ni a gé lọ́jọ́ kan. Omi padà, ilẹ̀ wú. Ọdún kẹta nìyí tí ẹsẹ̀ mi ti kan ìta kẹ́yìn."

Ọdẹ́jóbí ní, "Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ìyá?"

"N kò fẹ́ gba nǹkan kan."

"Ẹni tí kò fẹ́ gba nǹkan kan ni ó fẹ́ gba gbogbo rẹ̀," ni Ọdẹ́jóbí wí, ó sì gbé àáké kọ́ èjìká.

Ó ti rìn díẹ̀ kí ó tó ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ṣaworo. Ó yíjú padà. Làmídì ti kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó náà, ó ń fi ọkọ́ họ amọ̀ tí ó wú ti ìlẹ̀kùn. Ó họ ọ́ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ìlẹ̀kùn ké, ó ṣí. Ìyá náà yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ èkejì, ó tẹ eruku ìta, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ tuntun.

Ọdẹ́jóbí dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa lọ, ó gbé àáké náà sílẹ̀ lórí kùkùté kan. Làmídì rí i, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Báyìí ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alámọ̀. Lẹ́nu kòtò kan ni ó jókòó sí, tí ó ń mọ ìkòkò. Bí ó bá fa èémí sínú, gbogbo awọ ara rẹ̀ a dán, a kún. Bí ó bá mí síta, a sán yánnayànna. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Irú ìpìlẹ̀ wo lo ń wá?"

Ọdẹ́jóbí ní, "Èyí tí kò ní tàn mí jẹ."

"Ìpìlẹ̀ kì í tan ènìyàn. Ibi tí o bá gbé e lé ni yóò sọ fún ọ. Wọ inú kòtò yìí. Máa lọ títí ibi tí irun gbòǹgbò parí sí, tí amọ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí kò sì mọ̀ pé òjò rọ̀. Ta kókó sí okùn níbẹ̀. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mú okùn lókè."

Ọdẹ́jóbí yọjú wo ìsàlẹ̀ kòtò. Ó wo okùn, ó wo Làmídì. Làmídì ní, "Bí o bá fẹ́, èmi lè wọ ọ́. Ṣùgbọ́n o kò ní gba ohun tí mo bá rí níbẹ̀ gbọ́."

Òótọ́ ni. Ọdẹ́jóbí so okùn mọ́ ìdí, ó wọ kòtò.

Lókè, amọ̀ náà gbẹ, ó ń ya bí àkàrà tó ti pẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀. Gbòǹgbò ńláńlá fara hàn bí itan ènìyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí i. Gbòǹgbò di ìka, ó di okùn, ó di irun, ó tán. Níbẹ̀, amọ̀ tutù. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́: kò lẹ̀, kò ya. Ó ta kókó sí okùn. Gíga ènìyàn méjì àti ààbọ̀ ni.

Bí ó ti ta kókó tán ni okùn dẹ̀. Ó já wálẹ̀ bí gígùn apá kan, ó dúró. Amọ̀ ń bọ́ lé e lórí, ẹnu kòtò sì ń kéré lókè bí ojú tí ó fẹ́ sùn. Gbogbo ohun tí ó ti wà nínú Ọdẹ́jóbí láti ọjọ́ pípẹ́ bú jáde.

"Mo mọ̀! Làmídì, mo mọ̀! Ìwọ ni o pa òfì Àsàbí! Ìwọ lo jí sìmẹ́ǹtì mi! Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé o kò fẹ́ràn mi!"

Ó bú u, ó bú ìdílé rẹ̀, ó bú ọjọ́ tí wọ́n dá ọ̀rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni Làmídì gbọ́.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lókè nìyí. Ìyá Alámọ̀ ti fẹnu sí etí Làmídì, ó ní, "Jù ú sílẹ̀. Bí o bá jù ú sílẹ̀, n óò fún ọ ní ọwọ́ tí ilé tí ó bá kọ́ kò ní wó láéláé. Ta ló tún ń pè ọ́ síṣẹ́ láti ìgbà tí ògiri yẹn ti wó?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, bíríkìlà tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ó ń bá sọ ọ̀rọ̀ yìí! Okùn yọ̀ lọ́wọ́ Làmídì. Èmi kò mọ̀ bóyá amọ̀ ni ó yọ̀ ọ́ tàbí ọ̀rọ̀ yẹn, òun náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó tún di okùn mú, ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta, ó sì ń fà. Ẹnu kòtò ń pa dé, ó ń fà. Èébú ń jáde, ó ń fà. Nígbà tí orí Ọdẹ́jóbí yọ síta, awọ àtẹ́lẹwọ́ Làmídì méjèèjì ti bó sára okùn.

Ọdẹ́jóbí rí ẹ̀jẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lójú. Ó ní, "O gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tí o kò fi jù mí sílẹ̀?"

Làmídì ní, "Ó ku ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Ní ọjọ́ tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ Àsàbí, mo ní kí a tún gbẹ́ ẹ jìn sí i, nítorí ọdán. Ìwọ ní ibojì rẹ ni mo ń gbẹ́. Inú bí mi. Mo dákẹ́, mo mọ ògiri lé ohun tí mo mọ̀ pé kò dára. Ó yẹ kí n kó irinṣẹ́ mi kí n máa lọ. Àbúrò rẹ ì bá ti kú níbẹ̀. N kò sùn dáadáa láti ìgbà náà."

Ọdẹ́jóbí kúnlẹ̀. Ó tú ṣaworo kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Alámọ̀ ń mọ ìkòkò rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ jìnnà sí igi bí ẹ bá ti lè jìnnà tó, ẹ má sì gé e. Ẹ ri òpó dé ibi kókó okùn yẹn. Ẹ gbé igi kọnkéré dábùú orí òpó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dúró lókè, kí ó má fara kan ilẹ̀. Mo ní láti mí. Bí ẹ bá fún mi láyè, n kò ní í bá yín jà."

Nígbà tí wọ́n délé, ọwọ́ Làmídì kò lè di irin ìrẹ́lé mú mọ́. Ìka rẹ̀ ti ká bọ́ sínú. Ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, Ọdẹ́jóbí sì wọ iṣẹ́ bí ọmọṣẹ́. Kòtò mẹ́sàn-án ni ó gbẹ́ ní ìhà kejì ilé, tí ó jìnnà sí ọdán, ó ń fi okùn náà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ní ó ti tó, Làmídì a ní, "Ó ku." Ọdẹ́jóbí a la ẹnu láti bi í léèrè ìdí rẹ̀, a tún pa á dé, a tún gbẹ́. Ó ri irin sí i, ó da kọnkéré sí i, ó gbé òmíràn dábùú lórí wọn, ó fi àlàfo tí ó fẹ̀ tó ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdẹ ti ya wèrè, ó ń kọ́lé sí òfuurufú. Ó mọ ògiri lé e, ó sì kan òrùlé ku ọ̀la kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Òjò rọ̀. Amọ̀ wú, ó gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọnkéré tí ó dábùú, ó dúró. Àsàbí wò ó láti abẹ́ ọdán pẹ̀lú omi òjò lórí rẹ̀. Kò lọ sílé àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ yàrá náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé ná." Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wọn, àbí ẹ ò rí i?

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ilẹ̀ la ẹnu. Ọdẹ́jóbí po eérú, ó fi fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo igun ògiri, níbi tí yóò ti kọ́kọ́ sán bí yóò bá sán. Ní àràárọ̀ ni ó ń lọ wò ó. Oṣù kan, ìlà kò já. Oṣù méjì, kò já. Ní oṣù kẹta, ó lọ wò ó bí ó ti máa ń ṣe, ó bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó yọjú lójú fèrèsé. Àsàbí ti gbé òfì tuntun sínú yàrá, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, ó ti hun aṣọ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára òwú.

Ọdẹ́jóbí ní, "Àsàbí, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ògiri kò dún? Ṣé o wo igun ọ̀hún?"

Àsàbí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú fèrèsé. Ẹ ń dí mi ní ìmọ́lẹ̀."

Ọdẹ́jóbí kúrò. Ó lọ sọ fún Làmídì.

Mo ti rò ó fún yín bí ẹnu ọ̀gá mi ti rò ó fún mi. Ẹni tí ó ń lọ sóko, ó dàbọ̀. Ẹni tí ó ní ilé í kọ́, kí ó kọ́kọ́ bi ilẹ̀ léèrè.